Ọjọ́ Tí Wọ́n Fún Mi ní Ìjókòó Ẹ̀yìn

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí ọkàn mi kọ̀ láti jọ̀wọ́ ẹ̀ títí dòní. Bí mo bá jókòó ti maṣíìnì ìránṣọ mi ní Àgọ́-Ìwòyè, tí mò ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ọjọ́ náà á kàn yọjú, ojú á sì tún tì mí bí ẹni pé àná ni.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ká mi lára, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wà. Ọkọ mi ti di olóògbé, àwọn ọmọ mi wà l'Ékòó, èmi kì í sì í ṣe ẹni tó ń tètè mọ èèyàn. Rísì nìkan ni mo ní. Láti ìgbà tí a ti jọ ń lọ sílé kéwú ní Jàpárà, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, la ti ń ṣọ̀rẹ́ bọ̀, ṣọ́ọ̀bù wa sì fara kanra. Ló bá di pé obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì gba yàrá sílé Rísì. Ará Ṣakí ni, Dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ "Dókítà sọ pé" àti "èmi àti Dókítà lọ". Mò ń jowú. Kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Mò ń jowú lórí ọ̀rẹ́ bí ìyáálé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó wọlé bá.

Nígbà tí Rísì wá ní ká jáde lọ gbafẹ́, ká jẹ ìkọ́kọrẹ́ n'Íjẹ̀bú-Igbó, ká ti ibẹ̀ lọ wo ọ̀sà ní Òde-Omi, inú mi dùn. Mo rò pé àwa méjì ni. Mo gbé kúlà, mo di gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa sínú ẹ̀, àti ẹ̀pà àti omi tútù, nítorí gààrí lèmi àti Rísì máa ń jọ mu nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mo dé ìdí ọkọ̀, mo bá Dókítà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rísì tó fẹ́ wakọ̀. Ó kí mi, ó sì fẹ́ dìde fún mi. Rísì ní kó jókòó, pé àwọn ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ń sọ. Bí mo ṣe bá ara mi lẹ́yìn nìyẹn, èmi àti kúlà.

Wíńdò wà ní ṣíṣí, atẹ́gùn ń hó létí mi, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀rín wọn nìkan ni mò ń gbọ́. Rísì á sọ díẹ̀, Dókítà á fọwọ́ lu orúnkún, á bojú wẹ̀yìn wò mí, á tún rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín nígbàkigbà tí wọ́n bá rín, kó má baà dà bíi pé mi ò sí níbẹ̀.

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ilé oúnjẹ ìyá kan tó mọ̀ mí láti kékeré ni mo mú wọn lọ. Mo ní lọ́kàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ ẹni tó nilé. Ẹ mọ àwa Ìjẹ̀bú, "wo", ìyẹn "ìwọ", tí à ń pe ọmọdé náà là ń pe àgbà, kò sì sí ẹni tó ń bínú. Orí ìdúró ni mo ti kí ìyá. Dókítà dé ẹ̀yìn mi, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó ń bèèrè àlàáfíà ara ìyá àti tàwọn ọmọ tí kò mọ̀ rí. Inú ìyá yọ́. Orí ẹja ló wà nínú ìkọ́kọrẹ́ Dókítà, ìrù ló wà nínú tèmi. Mo bi ìyá bóyá wọ́n ti ṣi àwo gbé.

"Àlejò lèyí," ló dá mi lóhùn. "Ọmọ ulé ni wo."

Kí n lè gba ipò mi padà, mo ní kó fi ata gígún kún tèmi, pé bí a ṣe ń jẹ ẹ́ nílé wa nìyẹn. Irọ́ ni. Omi ń dà lójú mi, ó ń dà nímú mi, Dókítà ló sì ń bu omi fún mi, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi lójú. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé kò tilẹ̀ ṣe é bí ẹni tó ń yọ̀ mí.

A kọjú sí ìhà omi. Dókítà fẹ́ tan máàpù orí fóònù ẹ̀. Mo ní kó gbé e sílẹ̀, pé èmi mọ ọ̀nà Òde-Omi bí mo ṣe mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò dé Òde-Omi rí láyé mi. Mo kàn ń nawọ́ ni: yà sọ́tùn-ún, yà sósì. Ọ̀dà tán, ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ pupa di ẹrẹ̀, a sì bá ara wa nínú igbó, lẹ́yìn lọ́rí tó kó gẹdú. Awakọ̀ lọ́rí náà bèèrè ibi tí à ń lọ. Nígbà tí Rísì sọ fún un, ó ní kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ. Kó tó fọ̀nà hàn wá, táyà wa ti rì. Èmi àti Dókítà la sọ̀ kalẹ̀ ti ọkọ̀. Táyà yí, ẹrẹ̀ fò, èmi nìkan ló bà, láti orí dé bàtà.

Ọ̀sán ti lọ kí a tó dé Òde-Omi. Ọ̀sà tẹ́ lọ rẹrẹ, wọ́n ní ó lẹ́wà. Èmi ò wò ó, àwọn méjèèjì ni mò ń wò. Rísì bẹ bàbá ọlọ́kọ̀ kan kó fi ọkọ̀ ojú omi ẹ̀ gbé wa yíká. Bàbá fi Rísì àti Dókítà jókòó sórí pákó kan láàárín, ó fi èmi nìkan síwájú. Ọkọ̀ ò tíì kúrò létí omi tí wọ́n tún fi bú sẹ́rìn-ín. Ó tó mi wàyí. Mo gbé kúlà mọ́ àyà, mo dìde, mo fẹ́ lọ fi ara mi há àárín wọn.

"Jókòó," ni bàbá wí. "Níbo wo ń rè?"

Mo gbé ẹsẹ̀ kan. Ọkọ̀ fì sápá kan, èmi fì sápá kejì, mo sì wọnú ọ̀sà lọ. Ẹ má bẹ̀rù, omi náà ò kọjá ìbàdí. Kúlà ló ṣí. Gààrí tí mo ti ń ṣọ́ láti òwúrọ̀ dà sínú ọ̀sà, ó rẹ, àwọn ẹja kéékèèké sì ya bò ó. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí omi dìde wá wòran. Ọ̀kan nínú wọn ní ṣúgà ló kù.

Dókítà ló bọ́ sómi wá fà mí, ìborùn ẹ̀ ló sì fi bò mí. Ìyẹn ló wá dá kún un. Mo sọ fún Rísì lójú gbogbo wọn pé bó bá ti rí ọ̀rẹ́ tó kàwé, kó sọ fún mi, kó yé gbé mi káàkiri lẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹrù.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Rísì. "Ọkọ mi ti ríṣẹ́ sí Àbújá," ló ní. "Bí àwọn ọmọ bá ti ṣèdánwò tán, a ń kó lọ nìyẹn. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún ẹ."

Mo fa ìborùn náà mọ́ra.

"Mo mọ̀ ẹ́. Bí mi ò bá sí ńbẹ̀, o ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo wá ẹni tí màá fi ẹ́ lé lọ́wọ́ ni. Láti àárọ̀, ìwọ ni mò ń ròyìn fún un, gbogbo ìwà wèrè tí a hù ní Jàpárà. Kí lo rò pé ó ń pa á lẹ́rìn-ín?"

Mo yíjú sí Dókítà. Ó ń fún omi kúrò létí síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, mà. Èmi náà ò mọ ẹnì kankan níbí."

Mo sunkún níbẹ̀, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórí, pẹ̀lú ìborùn ẹni tí mo ti ń bú nínú láti àárọ̀.

Rísì ti lọ báyìí. Ohun tó ń dùn mí ni pé owú ò jẹ́ kí n rí ọ̀sà, kò jẹ́ kí n mọ adùn oúnjẹ ìlú mi, ó sì gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi nínú ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Mo ti kọ́gbọ́n. Bí mo bá rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín nísinsìnyí, mo máa ń bèèrè kí ló dé, kí n tó bínú.

Dókítà ló ń wá bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́. Ó ti di àbúrò mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ fún mi pé obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì àwọn láti Adó-Èkìtì, pé ara ẹ̀ yọ̀ mọ́ọ̀yàn, pé ó tilẹ̀ mọ aṣọ rán díẹ̀. Mo ní inú mi dùn sí i, kó mú un wá kí mi. Nígbà tó lọ tán, mo wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo rí i pé ibi ọrùn ni mo ti rán ọwọ́ aṣọ oníbàárà mi mọ́. Mo tú u, mò ń rẹ́rìn-ín ara mi.