Àdúrà Tó Da Tíì sí Mi Nítan

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí àdúrà da tíì gbígbóná sí mi nítan. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ni. Ọ̀gá wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, kìlọ̀ fún mi: "Jẹ́ kí tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbé e sórí tábìlì, kó o tó kí wọn. Awọ arúgbó ò nípọn mọ́." Mo ní, "Ó dáa mà." Ó gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde.

Màmá Tíṣà, ọ̀kan lára àwọn arúgbó náà, ló kó bá mi. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, àmọ́ ẹnu wọn mú. Àràárọ̀ ni wọ́n ń ráhùn: "Omi ìfọwọ́ lẹ̀ ń pè ní tíì yìí? Ṣé gáàsì ti tán nílé yìí ni?" Àánú wọn ṣe mí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo bu omi tó ń hó kún ife dẹ́nu. A kì í nàró gbé nǹkan fún àgbà nílé wa ní Mákun, ni èmi ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ bá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo fọwọ́ méjèèjì na ife sí wọn.

Mo gbàgbé pé àgbà kì í rí ọmọ lórí ìkúnlẹ̀ kó má ṣàdúrà. Màmá nawọ́ sí orí mi: "Wàá jèrè ọmọ o!" Ọwọ́ gbá ife. Ife fẹ́ dà sí wọn lẹ́sẹ̀, mo yáa fà á mọ́ra.

"Yéè! Mo gbé o!"

Màmá rò pé àmín ni mò ń ké, wọ́n tún fi kún àdúrà.

Ìyá alásè gbé epo pupa sáré dé. Bàbá kan ń pariwo, "Ẹ fọ́ ẹyin sí i!"

Ọ̀gá wa wọ́ mi lọ sídìí ẹ̀rọ omi. "Epo àti ẹyin? Ṣé ẹ fẹ́ dín in ni?" Omi tútù ni wọ́n ń dà sí mi nítan títí, ìró mi rin gbindin. Wọ́n wá rọra bi mí pé, "Ká ní itan màmá ni ńkọ́?"

Mo wo ẹsẹ̀ Màmá, tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìdáná. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé èmi ló jó, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tí kò lé mi.

Báyìí, ife á kọ́kọ́ jókòó sórí tábìlì, á tutù díẹ̀, kí n tó kúnlẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Màmá ò sì ráhùn mọ́. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá gbé tíì kúnlẹ̀ níwájú wọn, wọ́n á ní, "Gbé e sílẹ̀ ná, ọmọ mi. Àdúrà mi lágbára o!"

Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi á sì lọ sórí itan fúnra rẹ̀.