Àna Tó Ń Máàkì Gẹ̀ẹ́sì Bàbá Ìyàwó

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni Dàmọ́lá ní pólì. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, ara rẹ̀ a máa yún un bíi wèrèpè. Ọ̀la ni mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ òun àti Lábísí ní Joga-Orílé, ó sì ti kó sí wàhálà. Ó wá bá Lábísí ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Ìlaròó.

"Lábísí, kí ni mo ṣe? Bàbá fi 'Your welcome' ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, mo kàn bá wọn tún un ṣe ni."

"O tún fi àmì X pupa sí i!"

"Mo fi ẹ̀rín tẹ̀ lé e."

"Bàbá ní tó o bá tún dán an wò lọ́la, kó o lọ fẹ́ díṣọ́nárì."

Dàmọ́lá fẹ́ràn díṣọ́nárì lóòótọ́, ṣùgbọ́n díṣọ́nárì kì í rẹ́rìn-ín síni bíi Lábísí.

"Ṣé Bàbá ò lè sọ Yorùbá ni?"

"Àlejò pàtàkì ni yín. Bàbá kì í fi Yorùbá gba àlejò pàtàkì."

Lábísí mú fìlà oníbàárà kan, ó dé e, ó jókòó, ó wúkọ́ bí àgbàlagbà.

"Èmi ni Bàbá. Ó yá, wọlé."

Dàmọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàrin àgékù aṣọ. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà."

"My son, I and my family is very happy."

Ara tún yún Dàmọ́lá. "Sà, ẹ má bínú, 'my family and—'"

"Jáde!" Lábísí fi téèpù nà án lẹ́yìn. "O ti pàdánù ìyàwó. Tún wọlé."

Ó tún wọlé, ó tún dọ̀bálẹ̀.

"Your yam is more bigger than my own."

"'Bigger' nìkan ti tó, sà!"

"Jáde!"

Dàmọ́lá kò dìde mọ́, ó dojú bo àgékù aṣọ nílẹ̀. "Kò ṣeé ṣe, Lábísí. Tó bá ti dé ọ̀fun mi, àfi kó jáde."

"Kí lo wí? Mi ò gbọ́ ẹ dáadáa."

"Òwú kún mi lẹ́nu ni."

Lábísí pàtẹ́wọ́. "Òun náà nìyẹn! Bí Bàbá bá ti ṣì í sọ, sáré dojú bolẹ̀. Ilẹ̀ ni kó o máa tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún."

"Wọn ò ní fura?"

"Ta ló ń bínú sí ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀? Wọ́n á ní ọmọlúàbí lo jẹ́ ni!"

Lábísí tún wúkọ́ bíi Bàbá. "I cannot be able to thanks you."

Gbì!

"God will promote you up."

Gbì! Ìkùnsínú ń jáde láti ilẹ̀.

"Kí lo sọ?"

"Àmín, sà."

Lábísí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú Dàmọ́lá dùn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ó dìde pẹ̀lú fọ́nrán òwú nínú irùngbọ̀n.

"Ó parí! Bàbá máa fà ẹ́ lé mi lọ́wọ́ lọ́la."

"Ti Bàbá ti yanjú. Ó ku ti Màmá."

"Màmá náà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì?"

"Àwọn ló kọ́ Bàbá."

Dàmọ́lá wò ó, ó wo ilẹ̀, ó sì rọra padà síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Lábísí, jọ̀ọ́, bá mi gbé ìrọ̀rí dání lọ́la."