Aṣojú Ẹ̀bùn Létí Púùlù

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 1986, Màmá Ẹ̀bùn dúró létí púùlù àwọn apartment kan ní Sharpstown, ní Houston, ó fi báàgì kọ́ apá, ó le ojú koko. Ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sómi, ó dé àárín, ó dì mọ́ okùn, ó sì figbe ta. Ó ti wà nínú mọ́tò báyìí, ó ń sunkún sínú táwẹ̀lì. Olúdọ̀tun, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní odò wíwẹ̀, sì ti sọ ohun tí ìyá ọmọ náà ò fẹ́ gbọ́: Ẹ̀bùn ò ní bá wọn díje ní Sátidé.

"Kóòṣì, tún un sọ. Mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

"Ẹ gbọ́ mi, mà. Ẹ̀bùn kì í wá sí practice."

"Kì í wá kẹ̀? Ọjọ́ wo ni ò wá?"

"Monday, mà."

"Monday, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun fún un ni. Ṣùkú tó rẹwà báyẹn, kí n wá lọ rẹ ẹ́ sínú chlorine?"

"Wednesday ńkọ́?"

"Wednesday, atẹ́gùn ń fẹ́."

"Mà! Houston la wà, nínú oṣù keje! Atẹ́gùn yẹn gbóná ju ọbẹ̀ lọ!"

"Ó gbóná o, ó tutù o, atẹ́gùn ni atẹ́gùn. Lọ́jọ́ mìíràn, ó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Fondren. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ò wá, ṣé o ò rí mi níbí ni?"

Olúdọ̀tun họrí. Ó rí i. Lórí àga funfun lábẹ́ agbòòrùn ni Màmá Ẹ̀bùn máa ń jókòó sí, tìró tìgèlè. Bí òun bá ti pe orúkọ Ẹ̀bùn, obìnrin náà á dáhùn pé "Present!" Òun ti rò pé ọmọ náà lọ tọ̀ ni.

"Kí lẹ wá ń ṣe gan-an, mà?"

"Mo wá ń ṣojú fún un ni! Nígbà tí àbúrò mi gbéyàwó ní Iléṣà, tí mi ò ráyè lọ, ṣebí aṣojú ni mo rán? Wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n sì gbé oúnjẹ tèmi fún un!"

"Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ṣé ẹ̀yin lẹ yó, mà?"

Màmá Ẹ̀bùn gbé báàgì sí apá kejì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún díẹ̀, nítorí pé òótọ́ ni.

"Èyí tí mo gbọ́ níbí, mò ń fi kọ́ ọ nílé. Lórí kápẹ́ẹ̀tì! Ọmọ yìí ń lúwẹ̀ẹ́ láti ìdí tẹlifísọ̀n dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì!"

"Omi ńkọ́?"

"Mò ń fi kọ́ọ̀pù bù ú sí i lórí."

"Ó rì rí?"

"Ta ló ń rì sínú kápẹ́ẹ̀tì?"

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn, mà!"

Màmá Ẹ̀bùn rẹ ohùn sílẹ̀. "Dọ̀tun ọmọ mi, gba tèmi rò. Màmá mi ti Iléṣà dé. Mo ti sọ fún wọn pé ọmọ-ọmọ wọn máa gba ife. Gbogbo ìjọ ń bọ̀ ní Sátidé, tàwọn ti sùtánà funfun àti agogo. Wòlíì pàápàá ti gbàdúrà sí omi yìí."

"Omi tí wọ́n gbàdúrà sí náà ṣì jìn, mà." Ojú Olúdọ̀tun wá tàn. "Ó dáa, mo gbà pé aṣojú bófin mu. Ẹni tó bá wá sí practice ló ń díje lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin lẹ wá. Ẹ̀yin lẹ máa lúwẹ̀ẹ́ ní Sátidé. Ẹ bọ́ sómi ká wò ó."

Màmá Ẹ̀bùn kì í ṣe ẹni tí ọmọdé ń pè níjà tó ń sá. Ó gbé báàgì lé e lọ́wọ́, ó bọ́ bàtà, ó ká ìró sókè, ó sì gba orí àkàsọ̀ wọ inú omi. Omi mù ún dé orúnkún. Gèlè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Dọ̀tun! Omi yìí ò nísàlẹ̀ o!"

"Ẹsẹ̀ yín wà nílẹ̀, mà."

"Ilẹ̀ náà ń yọ̀! Apá ọ̀tún, apá òsì... kí ló tẹ̀ lé e?"

"Ṣebí ẹ ti gbọ́ ọ títí?"

"Etí mi ló gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ mi ò sí níbẹ̀! Ẹ̀bùn! Ẹ̀bùn o! Sáré wá ṣojú fún mi!"

Olúdọ̀tun fà á jáde. Obìnrin náà jókòó sétí púùlù, omi ń kán lára ìró. Àánú ọmọ rẹ̀ ṣe é gidi. Omi orúnkún lásán ló ń mú òun gbọ̀n báyìí, òun sì jẹ́ kí ọmọ òun bọ́ síbi tó jìn láìkọ́ ọ, nítorí ṣùkú.

"Ìdíje mìíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, mà. Bí Ẹ̀bùn bá ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá déédéé, á wà níbẹ̀."

"Á wá. Bí yìnyín ń já bọ́ ní Houston, á wá."

"Bí ìsọmọlórúkọ bá wà ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni màá rán aṣojú sí!" Ó rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe dá ẹ̀rín náà dúró lójijì. "Yéè! Màmá mi! Ta ló máa sọ fún wọn pé kò sí ti Sátidé mọ́? Dọ̀tun, o ò mọ obìnrin yẹn. Ẹnu lásán ni wọ́n fi lé ọlọ́pàá kúrò nílé wa rí." Ó di Olúdọ̀tun lọ́wọ́ mú. "Bọ́ sí mọ́tò. Ìwọ lo máa ṣojú fún mi."

Olúdọ̀tun fẹ̀yìn rìn títí ó fi kù díẹ̀ kó já sínú púùlù.

"Èmi kẹ̀? Mà, mi ò tíì ṣe practice fún ìyẹn!"