Olúbọ̀wálé Wo Fíìmù Tán Kí Fíìmù Tó Bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè tú àṣírí Olúbọ̀wálé fún yín, nítorí bí mo bá fi falẹ̀ díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á ti fi ẹnu dídùn yí yín lọ́kàn padà. Ọkùnrin náà kì í lè wo fíìmù tán. Ti ìfẹ́ ni o, ti ogun ni o, ti ọba ni o, kí orúkọ àwọn òṣèré tó kọjá tán lójú tẹlifíṣọ̀n, oorun á ti gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ kò sí eré tuntun kan tó jáde lórí fóònù tí kò ní sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn àgbà ní ohun tójú rí, ẹnu ò lè sọ ọ́ tán. Ti Olúbọ̀wálé yàtọ̀: ohun tójú rẹ̀ kò rí gan-an ni ẹnu rẹ̀ kì í sọ tán.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀rá ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate ló ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá jókòó láti jẹun ọ̀sán, òun ni adájọ́ fíìmù, gbólóhùn mẹ́ta péré ló sì fi ń dájọ́. Àkọ́kọ́: "Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dáa, àmọ́ wọ́n kánjú parí ẹ̀." Èkejì: "Ìyá yẹn ló gbé fíìmù náà." Ẹ̀kẹta: "Ọ̀rẹ́ ẹ̀ yẹn, àtìgbà tó ti wọlé ni mo ti ń fura sí i." Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, eré wo ni wọ́n ṣe nílẹ̀ Yorùbá tí kò sí ìyá nínú rẹ̀, tàbí ọ̀rẹ́ tó ń dalẹ̀? Èyí tó bá kù, inú ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹwòran ń kọ sábẹ́ fíìmù ló ti ń ṣà á jọ, ilé ìyàgbẹ́ ló sì ti ń kà á. Wọ́n ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n níbi iṣẹ́, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Memunat, ọmọbìnrin kan tó ń di ọ̀rá níbi iṣẹ́ wọn, ló gbé ọ̀rọ̀ kan wá lọ́sàn-án Ọjọ́ Ajé. Àǹtí Kúnbi, onílé rẹ̀ ní Àjàó Estate, ló máa ń ṣe eré tí wọ́n ń gbé sórí ayélujára ní apá kìíní, apá kejì. Èyí tó ṣe kẹ́yìn, àwọn òǹwòran bú u débi pé ó pa fóònù rẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì. Lọ́tẹ̀ yìí, kó tó gbé tuntun jáde, ó fẹ́ kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ wò ó ní pálọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì sọ tinú wọn.

"Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá wúlò jù," ni Memunat wí, "Àǹtí máa fún un ní ipa ní apá kejì. Ipa gidi o, kì í ṣe ti ẹni tó kàn ń gba ẹ̀yìn kọjá bíi pé ó ń lọ ra ata."

Gbogbo ojú yí sí Olúbọ̀wálé. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Sọ fún Àǹtí ẹ pé mò ń bọ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọkàn gírí. Èmi kì í ṣàánú o!"

Kí ọjọ́ náà tó parí, ó ti sọ fún onígbàjámọ̀ rẹ̀ ní Apakun pé òun ti di òṣèré. Ó pe ìyá rẹ̀ ní Ìkirè: "Màámi, mo ti wọ fíìmù!" Ìyá náà gbé ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kó dìde, gbogbo ìjọ bá a jó. Ẹ̀yin ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí kó sí! Ipa tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún un, wọ́n ti dúpẹ́ rẹ̀. Bí kò bá rí i gbà, kò sí ojú tí yóò fi wọ Ìkirè lọ́dún Kérésì.

Morọ́lá, ìyàwó rẹ̀, wò ó láti òkè délẹ̀.

"Bàbá Bólú, ṣé wọ́n ní kí ẹ wá wo fíìmù ni, àbí kí ẹ wá sùn sílé wọn?"

"Kí lò ń sọ?"

"Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti fẹ́ yín, mi ò tíì rí ọjọ́ kan tí ẹ lajú kan ìparí."

"Mo máa ń dijú ronú ni, Morọ́lá. Ìrònú ni."

"Ìrònú tó ń hanrun!"

Nígbà tó di Ọjọ́ Ẹtì, tó parí iṣẹ́ àárọ̀, Olúbọ̀wálé gbára dì. Ó jẹ orógbó mẹ́ta, ó bomi tútù sójú, ó wá gbé awò ojú dúdú kan wọ̀, pé bí ojú bá tilẹ̀ fẹ́ dì, ta ni yóò mọ̀? Ó gbọ́n, àbí kò gbọ́n? Èèyàn mẹ́ta ló bá ní pálọ̀: Àǹtí Kúnbi, Memunat, àti Abdulwasiu, awakọ̀ ilé iṣẹ́ wọn, tó jẹ́ ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n fi í sórí àga tìmùtìmù, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́ sí i lọ́rùn. Ẹni tó ti dúró nínú ooru ẹ̀rọ láti aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ fi í sórí irú àga bẹ́ẹ̀!

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan jókòó sórí àpótí, ó ń sunkún. Olúbọ̀wálé rí gèlè obìnrin náà, ó sọ nínú ara rẹ̀ pé gèlè náà dára. Ohun tó rí kẹ́yìn nìyẹn.

Àtẹ́wọ́ ló ta á jí. Àtẹ́wọ́ kíkankíkan! Ariwo ayọ̀ sọ ní pálọ̀, ó sọ nílé kejì, kódà àwọn ọmọ ń hó yèè lójú títì. Ọkàn Olúbọ̀wálé sọ fún un pé fíìmù ti parí, ó sì dùn débi pé gbogbo Àjàó Estate ló ń yìn ín. Ó fò dìde, ó pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ, ó sì wú ikọ́.

"Àǹtí Kúnbi, ẹ kú iṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dáa gan-an. Àmọ́ ẹ kánjú parí ẹ̀."

Memunat wo Abdulwasiu, Abdulwasiu wo Memunat.

"Ìparí wo, ẹ̀gbọ́n?" ni Àǹtí Kúnbi bi í.

Olúbọ̀wálé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mọ̀ pé àwọn tó ń ṣeré kì í fẹ́ gbọ́ òótọ́. "Ẹ fara balẹ̀, Àǹtí, mò ń bọ̀ wá yìn yín. Ìyá yẹn ló gbé fíìmù náà! Omi bọ́ lójú mi."

"Ìyá wo?" Abdulwasiu ló bi í. "Obìnrin kan ṣoṣo la rí, Ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì tíì bímọ. Àìrọ́mọbí tó ń bá a fínra ló ń sunkún sí."

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ awò dúdú. Ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀ kò tún yẹ kó sáré, ṣùgbọ́n Olúbọ̀wálé sáré.

"Ẹ jẹ́ ká fi tìyẹn sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ yẹn ńkọ́? Àtìgbà tó ti wọlé ni mo ti ń fura sí i!"

"Kò sẹ́ni tó wọlé o," ni Memunat wí. "Àfi ewúrẹ́."

Olúbọ̀wálé tún awò rẹ̀ gbé sójú.

"Ewúrẹ́ yẹn náà ni mò ń wí," ló dáhùn. "Ṣé ẹ̀yin ò rí bó ṣe ń wo obìnrin yẹn ni? Inú ewúrẹ́ yẹn ò mọ́!"

Àǹtí Kúnbi ló ṣàánú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré la wò tí iná fi lọ. Ẹ̀rọ amúnáwá kọ̀, kò tan, a wá jókòó tí à ń retí. Iná ló dé báyìí. 'Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà' ni gbogbo àdúgbò ń pariwo."

Yéè! Ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ní Èkó mọ àtẹ́wọ́ iná. Àgbà ọkùnrin rèé tó gbọ́ ọ, tó wá dìde ṣàlàyé ewúrẹ́.

Wọ́n tún fíìmù náà tàn. Olúbọ̀wálé búra nínú ara rẹ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí, bó bá gba ẹ̀mí òun, òun á wò ó dópin. Ẹ̀rọ amúlétutù náà tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó tún sùn. Wọ́n ní ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ. Àwọn ará pálọ̀ yí òwe náà dà, wọ́n ní ẹni tó sùn yìí gan-an ni kí ẹnikẹ́ni má jí, kó má bàa tún sọ èrò rẹ̀.

Fíìmù parí ní tòótọ́. Memunat ní ọkọ obìnrin náà ń pariwo jù. Abdulwasiu ní ẹkún pọ̀, kí wọ́n gé e kù, Àǹtí Kúnbi sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí Olúbọ̀wálé: ó nà gbalaja lórí àga, ọwọ́ méjèèjì lórí àyà, awò ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò mira.

"Memunat," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń wá òkú fún apá kejì! Ẹni àkọ́kọ́ tó dán an wò rẹ́rìn-ín, ìkejì sín, ẹ̀fọn jẹ ìkẹta, ó dìde ó gbá a. Wo Ọlọ́run Ọba, wo òkú gidi!"

Wọ́n jí i, wọ́n kí i kú oríire. Olúbọ̀wálé kò gbà á gbọ́.

"Ipa wo ni, Àǹtí?"

"Baba olówó ilé. Tìtorí yín ni gbogbo ìjà inú apá kejì, gbogbo wọn ló sì máa sunkún yín."

"Ọ̀rọ̀ tí màá sọ pọ̀?"

"Ẹ ò ní sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn ẹni ńlá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Ó yé e, kò yé e, ó gbà. Ní ti ohun tó sọ níbi iṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Baba olówó! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó nílé mẹ́rin. Ọjọ́ tí wọ́n ya fíìmù náà, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, oorun sì gbé e lọ kí wọ́n tó tan kámẹ́rà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí apá kejì jáde, ó pe Memunat, Abdulwasiu àti gbogbo ayálégbé ilé wọn wá, Morọ́lá se ẹ̀wà, Olúbọ̀wálé gbé fóònù rẹ̀ ńlá ti àgbá omi. Ní Ìkirè, gbogbo ìjọ ti yí ìyá rẹ̀ ká.

Ọjọ́ náà ni kò sùn. Ìṣẹ́jú kejì, wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá kan, Olúbọ̀wálé rèé lórí ibùsùn, òwú ní ihò imú méjèèjì. Ìṣẹ́jú kẹta, wọ́n ti gbé e lọ sin.

"Ṣé Baba olówó ṣì máa padà wá?" ni Abdulwasiu béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Kó tó dáhùn, fóònù Morọ́lá dún. Ìyá Olúbọ̀wálé ni láti Ìkirè, ẹkún sì ni.

"Olúbọ̀wálé! Èmi ni kí n kọ́kọ́ kú, o ò tíì sin mí, o wá lọ fi òwú dí imú lójú gbogbo ìjọ! Padà síbẹ̀ nísinsìnyí, kí o lọ sọ fún wọn kí wọ́n jí ọ!"

Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó fi fóònù sílẹ̀, ojú tì í wọnú eegun. Ṣùgbọ́n ó ní kò burú, àwọn òǹwòran tó mọ iṣẹ́ ṣì wà láyé. Ó sọ̀ kalẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń kọ èrò wọn, ó ka ti àkọ́kọ́ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Mi ò tíì wò ó o, àmọ́ ẹni tó ṣe òkú yẹn ò mọ̀ ọ́n ṣe rárá." Èèyàn igba ó lé mẹ́rìnlá ló ti tẹ̀ ẹ́ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

"Ẹ gbọ́ ìwà ìkà!" Olúbọ̀wálé fò dìde. "Ẹni tí ò wo nǹkan, ta ló ní kó dá sí i? Ṣé èèyàn gidi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Nígbà tó fi máa wo fóònù padà, iye náà ti di igba ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Morọ́lá ló tẹ̀ ẹ́.