Ọjọ́ tí mo di tíṣà aṣálẹ̀ ní Thamesmead

Ọjọ́ kan ń bẹ tí kò lè tán lọ́kàn mi títí màá fi gbó, àfọwọ́fà ara mi ni. Mo buwọ́ lu ìwé tí n kò kà. Ẹ má tíì bi mí pé kí ló dé tí n kò kà á. Ìwé mẹ́fà ni mo kà nílé, ìkẹfà yẹn gan-an n kò parí rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì fi ń kọ lẹ́tà sí òbí ní London máa ń gùn bí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Thamesmead là ń gbé nígbà náà, nínú ilé oníkọnkéré kan létí adágún omi, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní Belvedere, níbi tí a ti ń di bisikíìtì sínú páálí. Bí iléèwé ọmọ mi bá fi lẹ́tà ránṣẹ́, màá wo òkè ìwé, màá wo ìsàlẹ̀, màá mi orí bí adájọ́, màá wá buwọ́ lù ú. Bí kò bá jẹ́ ti lílọ wẹ̀ lódò, a jẹ́ ti yíya fọ́tò. Kò sí èyí tó pa mí rí.

Ṣùgbọ́n irọ́ ló kọ́kọ́ ṣáájú ìwé. Múínà, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Woolwich la bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ ò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó tì mí, ó ń wò mí bí mo ṣe ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ó ní, "Daddy, o ò lè kàwé dáadáa, àbí?"

Kò fi bú mi o. Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òjò ń rọ̀. Bóyá ká ní ó fi bú mi ni, ìbá sàn. Mo rí i pé ọmọ mi ti ń wò mí láti òkè wá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì ga tó èjìká mi. Ẹnu mi sì là fúnra rẹ̀.

"Èmi? Èmi tí mo ti ṣe tíṣà ní aṣálẹ̀ Sàhárà?"

Ó ní, "For real?"

Ó tán. Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kí n má sọ díẹ̀ nínú ayé tíṣà aṣálẹ̀. Mo ní kí tíṣà tó wọ bàtà láàárọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n dáadáa nítorí àkeekèé. Mo ní ràkúnmí làwọn ọmọ ń gùn wá síléèwé, wọn á so wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni so kẹ̀kẹ́. Mo ní bó bá di ìgbà tí àwọn ará ibí ń pè ní spring, ìjì yanrìn á dé, tíṣà á fi aṣọ di imú, á máa kọ́ wọn lọ, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán yanrìn á ti bo àwọn tó jókòó lẹ́yìn, tíṣà á wá máa wa ọmọ jáde bí ẹni ń wa iṣu. Múínà á la ẹnu sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ wá kí n wò ó. Bí mo bá ní kó lọ sùn, á lọ. Ọ̀rọ̀ mi wá ń tà nínú ilé ara mi, ẹ wo bí ayé ṣe dùn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ló ti iléèwé dé, ó ní, "Daddy, Miss ní kí n sọ thank you. Inú ẹ̀ dùn pé o gbà."

Mo ní, "Kí ni mo gbà?"

Ìyá rẹ̀ ló gba ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ́wọ́ ọmọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich lòun ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe nǹkan kan lójú rẹ̀. Ó kà á, ó bo ẹnu. Kíláàsì Múínà ń kọ́ nípa aṣálẹ̀ ní sáà náà, tíṣà wọn, Miss yẹn, sì gbọ́ pé bàbá ọmọ kan ti ṣe irú iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣé màá lè wá sọ fún àwọn ọmọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ fún tíṣà ní aṣálẹ̀? Nísàlẹ̀ ìwé, níwájú "Bẹ́ẹ̀ ni", orúkọ mi rèé, pẹ̀lú gbogbo ìkọ́rọ́kọ̀rọ̀ tí mo máa ń fi sí i lábẹ́.

"Ẹ buwọ́ lù ú, Bàbá Múínà," ni ìyàwó mi wí nígbà tọ́mọ ti wọ yàrá.

"Mo rò pé ti lílọ wẹ̀ ni."

"Kò burú náà. Ẹ máa wẹ̀."

Ìyàwó mi mọ ohun tí mo ṣe ní aṣálẹ̀ gan-an, nítorí mo ti sọ fún un kí n tó fẹ́ ẹ. Mo dé ibẹ̀ lóòótọ́ o, kí ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Ohun tí mo ṣe níbẹ̀ ni n kò fẹ́ kó yọ jáde. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wí nǹkan fún Miss. Ó ní ẹni tó gun igi ni yóò sọ̀.

Kì í ṣe àwọn òyìnbó ni mo ń bẹ̀rù. Wọ́n ti rí mi nínú aṣọ iṣẹ́ Belvedere, kò sí ìtìjú tó kù láàárín wa. Ojú ọmọ mi ni. Bí àṣírí yìí bá tú níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo mọ̀ pé kò ní í gba ohunkóhun lẹ́nu mi gbọ́ mọ́, ì báà ṣe òótọ́ pọ́ńbélé. Mo gba orí fóònù lọ. Mo sọ fún Miss pé mo ń ṣiṣẹ́ ní Tuesday. Ó ní kò burú, wọ́n á sún un sí Thursday. Mo ní ààwẹ̀ là ń gbà, nítorí inú oṣù Ràmàdáànì ni lóòótọ́, pé ohùn mi lè má jáde. Ó ní á dára o, kí n sọ ti ààwẹ̀ náà fún wọn. Gbogbo ilẹ̀kùn tí mo bá ṣí, ògiri ni mò ń bá lẹ́yìn rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń jẹ sààrì tí n kò mọ ohun tí mò ń jẹ.

Nígbà tó di Thursday, mo wọ jàlàbíà funfun, mo wé láwàní. Ọwọ́ Àlájì kan ní Barnfield Estate ni mo ti yá wọn, ọkùnrin náà sì fi ìlọ́po méjì jù mí lọ. Ẹ mọ atẹ́gùn Thamesmead bó ṣe rí, tó máa ń ti odò wá gba àárín àwọn ilé gíga. Bí mo ṣe jáde, ó wọ abẹ́ jàlàbíà, ó wú u, mo rí bí àgọ́ tó ń rìn. Bẹ́ẹ̀ ìgbà náà ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn ìdí adágún ṣẹ̀ṣẹ̀ pamọ. Akọ kan rí mi. Ó rò pé ọmọ òun ni mo wá kó, ó na ọrùn sílẹ̀, ó la ẹnu, ó ń bọ̀.

Ẹni tó bá ní òun ò ní sá, ẹ jẹ́ kó lọ dúró dè é. Èmi sá. Mo fa jàlàbíà sókè dé orúnkún, mo ń sá, láwàní ń tú, ìyá àgbà òyìnbó kan dúró pẹ̀lú ajá rẹ̀, wọ́n ń wò mí. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà iléèwé, sálúbàtà kan ló kù lẹ́sẹ̀ mi. Èkejì ti wà nínú omi.

Mo ti rò pé kíláàsì kan ni. Gbọ̀ngàn ni wọ́n mú mi wọ̀. Gbogbo iléèwé ló jókòó sílẹ̀, àwọn tíṣà wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Múínà wà níwájú pátápátá pẹ̀lú irun tí ìyá rẹ̀ dì fún un tuntun. Ó ń tọ́ka sí mi fún ẹni tó wà lápá ọ̀tún, ó tún ń tọ́ka sí mi fún tòsì. Mo fa ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà sábẹ́ aṣọ. Mo dúpẹ́ pé jàlàbíà Àlájì fẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀. Àkeekèé lọ dáadáa. Ràkúnmí lọ dáadáa jù. Lẹ́yìn náà ni Miss ní kí wọ́n béèrè ìbéèrè. Ọmọbìnrin kékeré kan ní kí ló dé tí mo wọ bàtà ẹsẹ̀ kan.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wọ̀ ọ́ ní aṣálẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì la fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó."

Miss kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i tó ń kọ ọ́, ó sì dùn mí dénú eegun.

Ọmọ mìíràn ní ṣé kìnnìún wà níbẹ̀. Rárá ni mo fẹ́ sọ, Ọlọ́run gbọ́. Ẹnu mi ní, "Méjì péré."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè láàárín àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Líbáàn lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Sòmálíà ni, ogun ló lé wọn dé Woolwich. Mo rí i tí àwọn tíṣà wo ara wọn, nítorí wọ́n ní kì í sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó fara balẹ̀.

Ó ní, "Lọ́dọ̀ wa, orí pátákó la ti ń kọ́ Àlùkùránì. Ṣé lórí pátákó ni tiyín náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wàláà là ń pè é.

"Kí lẹ fi ń ṣe tàdáwà tí ẹ fi ń kọ̀wé sí i?"

Èyí kò ṣòro fún mi. Mo ní dúdú ìdí ìkòkò ni, a ó pò ó mọ́ oje igi, a ó bu omi là á. Ó mi orí, inú rẹ̀ dùn, mo sì rò pé mo ti bọ́.

"Ta ló ń fọ pátákó?"

Ká ní mo sọ pé àwọn ọmọ iléèwé ni, a ti parí ẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ààwẹ̀ ni tàbí ojú ọmọ náà, tó ń wò mí bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Irọ́ tó kàn kò jáde.

Mo ní, "Èmi ni."

Líbáàn rẹ́rìn-ín músẹ́. "Nígbà náà, ìwọ kọ́ ni tíṣà. Ẹni tó kẹ́yìn nínú kíláàsì ló máa ń fọ pátákó."

Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo sọ ọ́. Mo ní nígbà tí mo wà lọ́mọdé n'Íbàdàn, mo sá kúrò nílé-kéwú nítorí ẹgba ààfáà. Mo dàgbà tán, mo fẹ́ lọ wá owó ní Líbíà, ọkọ̀ tó gbé wa bà jẹ́ sí abúlé kan láàárín aṣálẹ̀, a sì dúró oṣù méjì kí irin tuntun tó dé. Ààfáà abúlé náà ló ń bọ́ wa, ó sì ní ẹni tí kò bá kẹ́kọ̀ọ́ kò ní jẹun òun. Bí èmi abirunmú ṣe jókòó sáàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà nìyẹn. Wọ́n kọjá mi lọ ní ọjọ́ kẹta. Láti inú òtútù títí ìjì yanrìn fi dé, n kò kọjá lẹ́tà Lárúbáwá márùn-ún, ìyẹn ni wọ́n fi ní kí n máa fọ wàláà. Omi tí a fi fọ̀ ọ́, tí àwọn èèyàn máa ń mu kí ìwé lè wọ orí wọn, mo mu ún tó bẹ́ẹ̀ tí inú mi dàrú, orí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kò sí kìnnìún. Mo ní pẹ́pẹ́yẹ ló gba bàtà mi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé mì. Miss ti gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Mo wá ojú Múínà, n kò rí i. Ó ti tẹ orí ba, ó ń wo ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀rín gbogbo iléèwé kò dùn mí tó orí kan ṣoṣo tó tẹ̀ yẹn.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, iwájú ló ń rìn, kò jẹ́ kí n di òun lọ́wọ́ mú. Mo ń wọ́ ẹsẹ̀ kan bàtà kan bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ wò mí, wọn ò dìde, àfi bí ẹni pé wọ́n ti gbọ́. Nígbà tí a délé, ó wọ yàrá, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ká ní ó gbá a ni, ọkàn mi ìbá balẹ̀.

"Ṣé ẹ wẹ̀?" ni ìyàwó mi bi mí.

"Mo rì."

"Irọ́ pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Ẹ máa san ti òní padà lẹ́yìn ọdún."

Nígbà tí àsìkò ìṣínu tó, mo fi dàbínù ṣínu. Mo jókòó, mò ń rò ó pé ọkùnrin tó ti rìn láti Ìbàdàn dé London, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti lé e kúrò nílé láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju méjì lọ: ẹ ka ìwé kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ má sì yá ògo fi ṣe bàbá, torí ọmọ yín ló máa wà níwájú nígbà tí wọ́n bá wá gbà á. Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà kò sí ẹ̀rín.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Múínà jáde pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù. Kò wo ojú mi. Ó fa àga, ó jókòó tì mí, ó ṣí ojú ìwé tuntun.

Ó ní, "Líbáàn ní òun ti mọ gbogbo lẹ́tà yẹn nígbà tóun wà lọ́mọ four."

Mo ní, "Mo gbọ́."

Ó na pẹ́ńsù sí mi. "Daddy, kọ́ mi ní márùn-ún tó o mọ̀ yẹn. Kò lè pẹ́."