Òkè Tí Mo Fẹ́ Dá Gùn

Títí n ó fi hewú, àárọ̀ Sátidé kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí. Ọdọọdún ni mò ń ya òkè sára bọ́ọ̀dù fáwọn ọmọ iléèwé, bẹ́ẹ̀ òkè kan ṣoṣo tí èmi alára ń gùn ni àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Ìyẹn ló jẹ́ kí n pinnu pé n ó dá lọ sí Nepal ní Éṣíà lọ́hùn-ún, kí n lọ gun ọ̀kan nínú àwọn òkè ibẹ̀ tí mọ́tò ò dé. Mi ò fẹ́ bá èrò lọ. Èmi àti amọ̀nà kan tí mo ti bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó tán.

A ò tí ì pẹ́ tá a ṣègbéyàwó nígbà náà. Ọkọ mi gbà, ó tiẹ̀ bá mi yan bàtà. Ìyá rẹ̀ ló ń já mi láyà. Mo mọ̀ pé bí Màmá bá ti lè sọ pé rárá, ìrìn àjò ti parí nìyẹn, torí ọkọ mi kì í ta ko ìyá rẹ̀. Mo wá mú un búra pé kò ní sọ fẹ́nikẹ́ni títí físà á fi jáde. Ṣebí àwa náà la máa ń sọ pé ẹnu ayé kì í jẹ́ kí nǹkan yọrí bí wọ́n bá tètè gbọ́.

Amọ̀nà ní kí n máa fi ẹrù dánra wò. Mo ní n ó máa rìn láti Ìlódè tí à ń gbé dé Òkè-Ọgbọ́, kí n sì padà. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo ki ìrẹsì àti omi inú ike bọ inú báàgì gàgàrà tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Kò wúwo tó. Mo wo ilé ìdáná, mo rí ọmọ ọlọ, mo jù ú sí i. Mo wọ bàtà òkè, mo dé fìlà òtútù, mo mú ọ̀pá méjì dání, nínú ooru Ifẹ̀!

Ìyá Rọ́fìà, aládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ rí mi. Òógùn ti bò mí lójú, ó pè é lómijé.

"Ìyàwó, kí ló dé? Àárọ̀ kùtù báyìí, tẹrùtẹrù?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. Eré ìdárayá ni mò ń ṣe."

"Eré ìdárayá kẹ̀? Má sunkún, ọmọ mi. Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. Dákun, padà."

Mo dúpẹ́, mo tẹsẹ̀ mọ́rìn. Ohun tí ẹni tó ń sá lọ á ṣe gan-an nìyẹn, àmọ́ mi ò rò ó débẹ̀. Kò pẹ́, ọlọ́kadà kan dúró tì mí. "Àǹtí, ṣé gáréèjì ni? Ẹ jẹ́ n gbé yín. Àwa ọkùnrin ò dáa." Mo ní ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi rìn. Ó mi orí, àánú mi ṣe é. Kí n tó dé Òkè-Ọgbọ́, àwọn obìnrin tí mi ò mọ̀ rí ti ń kí mi pẹ̀lẹ́. Mo kàn rò pé ara àwọn èèyàn yá mọ́ni lọ́jọ́ yẹn ni.

Nígbà tí mo padà délé, bàtà kún ẹnu ọ̀nà. Mo bá Màmá nínú ilé, mo bá àbúrò bàbá ọkọ mi tí à ń pè ní Bàbá, mo bá Ìyá Rọ́fìà tó lọ ké sí wọn. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ itan.

"Kí lo fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe?" ni Bàbá ń bi í. Bó ṣe rí ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó sáré dìde. "Ìyàwó, jọ̀ọ́, sọ igi yẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ò tí ì dà bẹ́ẹ̀."

Màmá gba báàgì lẹ́yìn mi, ó tú u. Ni ọmọ ọlọ bá yí jáde.

"Yéè! Ọmọ ọlọ tí mo fún un lọ́jọ́ tó wọlé! Obìnrin tó bá kó aṣọ lọ ṣì lè padà. Èyí tó bá gbé ọmọ ọlọ, ó ti lọ nìyẹn!"

Ó jókòó pẹ̀ẹ́ sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo tú gbogbo àṣírí: òkè, Nepal, amọ̀nà, ẹrù.

"Òkè?" ni Bàbá wí. "Kí lo sọ nù síbẹ̀?"

Màmá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, o mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"O wá jókòó tí wọ́n ń bú ẹ láti àárọ̀?"

"Ó ní kí n má sọ fẹ́nikẹ́ni ni, mà."

Màmá wò ó, ó wò mí, ó fi etí gèlè nu ojú, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó lè gba èébú báyìí nítorí ìyàwó rẹ̀, ta ni mo jẹ́ tí n ó ní kí ìyàwó náà má lọ? Máa lọ, ìyàwó mi, kó o sáà máa pè mí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ mi ò bá ẹ dé òkè kankan o!"

Mo lọ, mo gùn ún, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, mo sì gbádùn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé téèyàn bá fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fáwọn ará ilé, àwọn ará títì á bá a sọ ọ́, wọ́n á sì sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tí mo dé, ńṣe làwọn ará Ìlódè ń kí ọkọ mi kú sùúrù. Wọ́n ní mo bínú títí dé orí òkè nílẹ̀ òkèèrè, pé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ló mú mi sọ̀ kalẹ̀. Òun náà ń gba ìkíni, ó ń dáhùn pé, "Ẹ ṣé o, Ọlọ́run ló bá wa ṣe é." Mo jókòó tì í, mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín.