Bonnag Kọ̀, Kò Tọ̀!

"Tẹ̀ ẹ́!" Breeshey ló ń pariwo nínú fóònù láti Liverpool.

"Mò ń tẹ̀ ẹ́!"

"O ò tẹ̀ ẹ́!"

"Breeshey, tí mo bá tún tẹ ológbò yìí jù báyìí lọ, ìfun ẹ̀ á gba ẹnu jáde!"

Orry Corkill rèé o! Ọkùnrin gìrìwò, ikùn bí àgbá, ọwọ́ bí ṣọ́bìrì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi pẹja lójú òkun, ìjì ò bà á lẹ́rù rí. Òun náà ló kúnlẹ̀ sílé ìwẹ̀ ní Castletown, ní Erékùṣù Man, tó ń bẹ Bonnag, ológbò wọn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ológbò Erékùṣù Man kì í sábà nírù? Ìyẹn ò kúkú ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ní ti Bonnag, àìnírù yẹn wọlé dé egungun ẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ méjèèjì á máa ta pọ́ún pọ́ún bíi ti ehoro, kò sì lè dá tọ̀. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ tẹ àpò ìtọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Breeshey mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ìka méjì péré, ṣùúrù, ó ti parí!

Ọ̀sán àná ni Breeshey, ìyàwó Orry, tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn kó tó lọ wo ọmọ tí ọmọ ẹ̀ bí ní Liverpool. Àárọ̀ yìí ló yẹ kó dé. Òkun bínú, ọkọ̀ ojú omi ní òun ò lọ mọ́. Dókítà ẹran sì ti kìlọ̀: tí ìtọ̀ yẹn bá fi lè wà níkùn Bonnag di ìrọ̀lẹ́, kíndìnrín ẹ̀ wọ gàù.

Orry ṣí ẹ̀rọ omi, kí ìró omi lè mú kí ìtọ̀ gbọ̀n ológbò.

Orry fúnra ẹ̀ ni ìtọ̀ gbọ̀n! Ó sáré lọ tọ̀, ó sáré padà wá.

Ẹ̀rín ń pa mí o!

Bonnag kàn ń wò ó bí ọ̀gá ṣe ń wo ọmọṣẹ́ tí ò mọṣẹ́.

"Ó yá, gbé e lọ bá dókítà ní Douglas!" Breeshey ti fẹ́ máa sunkún. "Tí nǹkan bá ṣe Bonnag, Orry, má dúró dè mí nílé!"

Orry fi táwẹ̀lì wé ológbò, ó de bẹ́líìtì mọ́ ọn ní ìjókòó iwájú. Fùùùn! Ọkọ̀ fò. Fóònù ṣì ń sọ̀rọ̀.

"Níbo lo dé?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Afárá."



"Orry."

"Hẹ̀n?"

"Mi ò gbọ́ kó o kí wọn o."

Yéè! Orry ti gbàgbé! Ta ni wọ́n bí sí erékùṣù yẹn tó máa kọjá lórí Afárá yẹn láìkí Àwọn Kékeré tó ń gbébẹ̀? (Wọn kì í pè wọ́n ní iwin, wọ́n létí!) Pásítọ̀ ń kí wọn. Ọlọ́pàá ń kí wọn. Ẹnìkan tó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́sí, taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jò, èyí tó wà nínú búùtù náà jò!

"Mò ń kánjú ni, Breeshey!"

"Ta ló sọ fún wọn pé ò ń kánjú? O gbé aláìsàn dání, o wá lọ ń rí Àwọn Kékeré fín! Yí padà!"

Kíríííì! Ó yí padà.

Bọ́ọ̀sì àwọn àlejò kan ti dúró síbẹ̀, gbogbo wọn ń ya fọ́tò. Orry ò rí ti wọn rò. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbá Bonnag mọ́ ikùn, ó fi fóònù há etí.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin Kékeré. Ẹ má bínú. Orí mi ò pé. Ìyàwó mi náà mọ̀."

"Tẹrí ba!" ni fóònù wí.

Ó tẹrí ba.

"Tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dáadáa! Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni wọ́n ni?"

Orry bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ikùn bí àgbá pàdé itan bí igi. Bonnag ló wà láàárín.

ṢÙÙÙÙÙRÙRÙRÙRÙ!

Ẹ̀rọ panápaná ò lè yọ bẹ́ẹ̀! Ó fò kọjá lára Orry, ó bá màmá àlejò kan tó wọ kóòtù pupa, ó gba fìlà, ó gba ojú, ó gba fóònù ọwọ́ ẹ̀.

"Kí ló ń dún yẹn?" Breeshey ké.

"Ó ti tọ̀! Breeshey, ó ti tọ̀ o!" Omijé bọ́ lójú Orry. Ayọ̀ pọ̀, ó tún fún ológbò mọ́ra.

Pín-ín! Ìyókù balẹ̀ sórí bàtà màmá náà.

Ìgbà yẹn ni Orry tó gbójú sókè. Ogún fóònù ló kọjú sí i. Màmá dúró, ó ń ro tó, tó, tó.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, kì í ṣe pé..."

Màmá nawọ́ sókè pé kó dákẹ́. Ó nu ojú. Ó rẹ́rìn-ín, eyín funfun báláú. Ó kọjú sí àwọn èèyàn ẹ̀:

"Ẹ ò rí i! Bí wọ́n ṣe ń súre fún àlejò níbí nìyẹn! Ẹ tò sórí ìlà, ẹ má ti ara yín!"

Ló bá fa ọkọ ẹ̀ síwájú, ó ṣí fìlà lórí ẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ́n púpọ̀ sórí tó pá yìí. Bóyá irun á hù."